Bí A Ṣe Ń Fi Risífà Sítẹ́rió Àtijọ́ Wé Ẹ̀rọ Orin Olówó Gọbọi Òde Òní

Ohun tó sábà máa ń ba irú ìfiwéra yìí jẹ́ ni pé ẹ̀rọ tó bá ń dún sókè díẹ̀ ju èkejì lọ ni etí máa ń kà sí aládùn, bí ìyàtọ̀ náà kò tilẹ̀ ju dẹ́síbẹ̀lì kan (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó) lọ. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ nípa ohùn kíkún tí risífà àtijọ́ (ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ní rédíò àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè nínú) ní kò ju bọ́tìnì tí wọ́n kọ loudness sí lọ: ẹni tó ni ín ti tẹ̀ ẹ́ wọlé láti ọjọ́ yìí, kò sì rántí pé bọ́tìnì náà ni ó ń bu béèsì (ohùn ìsàlẹ̀) kún orin.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbọ́ ohunkóhun títí ara èyí àtijọ́ yóò fi yá. Lẹ́yìn nǹkan bí 40 tàbí 50 ọdún, omi kẹ́míkà inú kapásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ nínú ẹ̀rọ) a máa gbẹ, bọ́tìnì a máa há, ojú súìsì a sì dọ̀tí tó bẹ́ẹ̀ tí sípíkà ẹ̀gbẹ́ kan yóò fi máa lọ, tí yóò sì máa bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí èyí tí wọ́n ṣe fún ìlò nílẹ̀ Japan ń lo fólìtì 100, ti Amẹ́ríkà ń lo 120, iná 230 yóò sì jó méjèèjì bí kò bá sí tiransifọ́mà tó ń dín fólìtì kù láàárín. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tan án fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí iná gba inú gílóòbù àtijọ́ onírin gbígbóná kan kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí gílóòbù náà bá tàn yòò tí ó sì wálẹ̀, ó dára. Bí ó bá ń tàn yòò lọ láìdẹwọ́, nǹkan ti ṣẹ́ nínú rẹ̀, ẹ yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó so sípíkà, ẹ fi mítà wọn iná DC (iná tó ń ṣàn sí ìhà kan ṣoṣo) tó ń jáde ní ojú ibi tí wáyà sípíkà ń wọ̀. Bí kò bá ju mílífólìtì 50 lọ, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọjá 100, ẹ gbé e fún onímọ̀, ẹ má sì fọwọ́ kan inú rẹ̀ fúnra yín, torí kapásítọ̀ ńlá lè ta ènìyàn lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lára iná.

Ìgbà yìí ni ìfiwéra tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lo sípíkà kan náà àti orin kan náà, ẹ pa loudness, kí béèsì àti tírébù (ohùn òkè) sì wà ní àárín gbùngbùn. Ẹ tan ohùn ìdánwò tí kò ju hertz 400 (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe tín-ínrín tó) lọ, nítorí ọ̀pọ̀ mítà olówó pọ́ọ́kú kì í sọ òótọ́ bí ohùn bá ti tín-ínrín ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wọn fólìtì AC (ti iná tó ń lọ tó sì ń bọ̀) ní ojú sípíkà, kí ẹ sì yí bọ́tìnì ohùn títí àwọn méjèèjì yóò fi dọ́gba. Ẹ má ṣe so ẹ̀rọ méjì mọ́ sípíkà kan lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ọ̀kan yóò jó èkejì. Ó tún dára kí ẹlòmíràn máa pààrọ̀ wọn, kí ẹ má baà mọ èyí tó ń kọrin.

Ní ti agbára, ẹ má kẹ́gàn àwọn àtijọ́. Pioneer SX-1250 ti ọdún 1976 ń fún sípíkà kọ̀ọ̀kan ní wáàtì 160, SX-1980 ti 1978 sì ń fún un ní 270. Síbẹ̀, wáàtì ìlọ́po méjì kì í fi ju dẹ́síbẹ̀lì 3 kún ohùn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye wọ̀nyí tóbi lójú ìwé ju bó ti tóbi létí lọ.

Ibi tí ẹ̀rọ òde òní ti gba iwájú ni gbígba orin láti íntánẹ́ẹ̀tì, ariwo abẹ́lẹ̀ tó kéré, àti máíkì tó ń wọn bí yàrá ṣe ń da béèsì rú kí ẹ̀rọ náà lè tún un ṣe. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo rò pé owó rẹ̀ tọ́ jù. Risífà àtijọ́, ní tirẹ̀, ti ní ojú ìwọlé fún àwo orin àti rédíò FM, a sì lè so DAC kékeré (ẹ̀rọ tó ń yí orin inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà padà sí iná tí risífà lè lò) mọ́ ojú Aux rẹ̀, ìyẹn ojú ìwọlé fún ẹ̀rọ mìíràn. Ṣùgbọ́n nǹkan bí fólìtì 2 ni DAC ń gbé jáde, nígbà tí nǹkan bí mílífólìtì 150 ti tó ojú ìwọlé yẹn, nítorí náà ohùn yóò fò sókè bí ẹ bá yí bọ́tìnì díẹ̀. Ẹ ra DAC tí a lè dín agbára rẹ̀ kù.

Bí àwo orin àti rédíò bá ni ẹ ń gbọ́ jù, ẹ ra èyí àtijọ́, kí ẹ sì ka owó onímọ̀ tí yóò tún un ṣe mọ́ iye rẹ̀ kí ẹ tó ná an. Bí orin yín bá ń ti orí fóònù wá, tí yàrá yín sì ń dún wòwò, ẹ̀rọ òde òní ni.