Bí a ṣe ń dá àrùn bakitéríà mọ̀ lára ẹ̀gẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáko ní Ọ̀dẹ̀dá, Alábàtà àti àyíká Abẹ́òkúta, tí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra, ẹ tètè bẹ oko ẹ̀gẹ́ yín wò. Inú ẹ̀gẹ́ yìí ni láfún wa ti ń wá.

Ẹ kọ́kọ́ já ewé kan, kí ẹ gbé e sókè kí oòrùn là á kọjá. Àmì bakitéríà kì í rí roboto. Ó máa ń ní igun, torí pé iṣan ewé kì í jẹ́ kó tàn kálẹ̀. Ibẹ̀ á kọ́kọ́ rin bí ẹni pé omi wọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà á gbẹ. Ẹ wo ara igi tútù náà, bóyá oje tó ń lẹ̀ ń sun jáde. Tó bá pẹ́, ewé á rọ, orí igi á sì máa kú bọ̀ nísàlẹ̀. Ewé tó kákò, tó pọ́n lábala lábala, fáírọ́ọ̀sì nìyẹn.

Kí àmì bakitéríà tó yọ, ìjà ti ń lọ nínú ewé. Ara sẹ́ẹ̀lì ewéko, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ewé, ní àwọn purotéènì tó ń dá bakitéríà mọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kálísíọ̀mù á ya wọnú sẹ́ẹ̀lì, àwọn purotéènì tí wọ́n ń pè ní WRKY á lẹ̀ mọ́ DNA, ìyẹn ibi tí àṣẹ iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì wà, àwọn jíìnì ààbò, ìyẹn abala DNA tó ń pàṣẹ ààbò, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn jíìnì ìdàgbàsókè á rọra ṣe. Ògiri sẹ́ẹ̀lì á ki sí i.

Ṣùgbọ́n Xanthomonas, bakitéríà tó ń ṣe ẹ̀gẹ́ báyìí, dà bí olè tó ní kọ́kọ́rọ́ àká lọ́wọ́. Ó ń ti purotéènì tirẹ̀ wọnú sẹ́ẹ̀lì, èyí á lọ jókòó sórí DNA ẹ̀gẹ́, á sì jí jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní MeSWEET10a. Jíìnì yìí ló ń mú kí ṣúgà máa jáde síta sẹ́ẹ̀lì, níbi tí bakitéríà wà. Ó dùn mí gan-an pé jíìnì ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ ọ̀tá.

Kò sí oògùn tá a lè fọ́n tó máa wo igi tó ti kó o sàn. Ẹ fà á tu, kí ẹ sun ún. Ẹ má gé igi tẹ́ ẹ máa gbìn lára rẹ̀, kódà bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ṣì tutù, torí bakitéríà lè wà nínú igi láìfi ara hàn. Ẹ fi iná yan ẹnu àdá kí ẹ tó kan igi mìíràn, ẹ má sì wọ oko nígbà tí ewé ṣì tutù. Bí ẹ bá ń wá igi tuntun, ẹ béèrè irú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní TMS 30572, tí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn, ṣe. Ó ń kojú àrùn yìí dáadáa.