Bí a ṣe ń fi lékelèke wé eku ilé

Ẹni tí a bá ní kó fi ẹyẹ wé eku, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé ọ̀kan ń fò, èkejì kì í fò. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tíì fi nǹkan kan wé nǹkan kan. Ẹ̀yà ara ni a fi ń wé ẹ̀yà ara.

Kọ́kọ́ mú irú kan pàtó, torí "ẹyẹ" àti "eku" gbòòrò jù. Lékelèke (Bubulcus ibis) ni mo mú: ẹbí kan náà ni òun àti àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń dúró nínú omi ṣọ́ ẹja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn màlúù ló wù ú ju etí odò lọ. Eku ilé (Mus musculus) ni mo fi tì í. Má fi asín rọ́pò o. Ó jọ eku lójú, kò sí nínú ẹbí eku.

Wọ̀n wọ́n, kó jẹ́ àgbà sí àgbà. Lékelèke máa ń tó nǹkan bíi gíráàmù 270 sí 510. Eku ilé tó bá kọjá 30, ó ti sanra nìyẹn.

Ẹsẹ̀ ló ń tan èèyàn jẹ jù. Wo lékelèke tó dúró: oríkèé kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣẹ́ sẹ́yìn, gbogbo ayé ń pè é ní orúnkún. Ọrùn-ẹsẹ̀ ni. Orúnkún gan-an wà lókè, ìyẹ́ ló bò ó. Ọmọ ìka nìkan ni ẹyẹ náà fi ń tẹlẹ̀. Nítorí náà, gìgísẹ̀ eku ni kó o gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé yẹn. Bó o bá ṣì í, gbogbo ìwọ̀n ẹsẹ̀ tó o kọ sílẹ̀ ti wọ́.

Ka eegun ọrùn wọn. Ti eku jẹ́ méje, bíi ti àgùnfọn, bíi tèmi àti tìrẹ. Ẹbí lékelèke ní 20 tàbí 21, ìkẹfà ló sì jẹ́ kí ọrùn náà lè ká kó tún ta jáde fìrí gbá tata mú.

Ó kan ẹnu. Lékelèke kò léyín. Eku ní 16: mẹ́rin níwájú, tí kì í yé hù, àti 12 lẹ́yìn, àlàfo gbọọrọ sì wà láàárín wọn. Iwájú eyín mẹ́rin yẹn le ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ń jẹ, iwájú dúró, ló fi ń mú bí ọ̀bẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Àlàfo yẹn ni kó o wá bí asín bá fẹ́ rú ọ lójú. Asín kò ní in.

Ti ìbí kò gba àkókò: lékelèke ń sàba fún bí ọjọ́ 24, oyún eku ń lo ọjọ́ 19 sí 21.

Kọ gbogbo rẹ̀ sí òpó méjì. Ìrù gígùn eku kò ní ẹnìkejì lára lékelèke ju kúkúrú ìdí rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó o bá dé orí ìyẹ́-apá, má kọ "kò sí" sí abẹ́ eku. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ni kó o kọ síbẹ̀: eegun kan lókè, méjì nísàlẹ̀ rẹ̀, bó ṣe wà nínú apá lékelèke gẹ́lẹ́.