Bí A Ṣe Ń Wo Ẹyẹ Létí Adágún IITA Láì Dà Wọ́n Láàmú

Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí etí adágún IITA n'Íbàdàn. Àwọn òbí tó fẹ́ mú ọmọ tiwọn lọ a máa bi mí bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ. Ọgbà ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ibẹ̀, wọn kì í ṣàdédé já wọ̀ ọ́. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, lórí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 1,000. Oko ni ọ̀pọ̀ ibi tó di igbó níbẹ̀ lónìí. Ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò roko níbẹ̀ mọ́ ni igi tún hù padà. Ní géètì ni mo ti máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé igbó tí wọ́n fẹ́ wọ̀ yìí kò dàgbà tó bàbá àgbà wọn. Odò tí wọ́n sé ló sì di adágún.

Ẹ ti dé etí omi kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Bí oòrùn bá ti mú, ẹyẹ á ti wọ ibòji. Ẹ má wọ funfun. Ẹ kẹ̀yìn sí oòrùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, dúdú lásán ni gbogbo ẹyẹ á jẹ́ lójú yín. Kí ẹ wá dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má rìn. Ìyẹn ló le jù fún ọmọdé, òun náà ló sì lérè jù.

Orí ewé òṣíbàtà ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ẹyẹ kan wà tí ara rẹ̀ pọ́n bí obì, tí iwájú orí rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé ó ń rìn lórí ewé láì rì. Akọ rẹ̀ ló ń sàba, òun náà ló ń tọ́mọ. Lọ́jọ́ kan, a rí i tó lóṣòó, ó ṣí apá díẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń wọ abẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dìde, ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín ló ń rọ̀ dirodiro lábẹ́ apá bàbá wọn. Ọmọbìnrin kan di ọwọ́ mi mú, kò sì sọ nǹkan kan títí a fi dé ọkọ̀.

Ẹ má sún mọ́ wọn kí ẹ lè ríran sí i; iṣẹ́ awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀ọ́kán nìyẹn. Lọ́dún kejì, mo jẹ́ kí àwọn ọmọ sún mọ́ koríko etí omi jù. Ẹyẹ kan fò kúrò lórí ẹyin rẹ̀, kò sì padà ní gbogbo ìgbà tí a fi wà níbẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní. Bí ẹyẹ bá ti nọrùn tó ń wò yín, ẹ ti sún mọ́ jù, ẹ rọra fà sẹ́yìn. Ẹ má sì fi fóònù gbé ohùn ẹyẹ jáde láti fi tàn án. Yóò rò pé ẹlòmíì wọ ilẹ̀ òun ni, kò sì ní ráyè jẹun.

Bí ẹ ò bá mọ orúkọ ẹyẹ, ẹ kọ ohun tí ẹ rí. Ṣé ó tó ẹyẹlé àbí lékeléke? Irú ẹnu wo ló ní? Lásìkò ọyẹ́, ẹ wá ẹyẹ kékeré kan tó ń mi ìdí ṣáá létí omi. Ilẹ̀ Yúróòpù ló ti fò wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọjú sí igbó. Ìbátan ẹ̀gà kan wà, dúdú tó ní pupa lórí, Malimbus ibadanensis, tó jẹ́ pé gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló ń gbé ní gbogbo ayé. Kò pọ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo tíì rí i. Òkè igi pátápátá ló máa ń wà, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fetí sílẹ̀ kí ẹ tó gbójú sókè.