Bí A Ṣe Ń Rí Ẹlẹgbẹ́ Ìrìn-Àjò Níbi Àfihàn Ọkọ̀ àti Àgọ́

Ní oríta Ṣágámù, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé èyí tí ó gba ẹ̀bá Ìjẹ̀bú-Òde kọjá lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Benin, ni mo ti rí tọkọtaya òyìnbó kan tí wọ́n de àgọ́ mọ́ orí jíìpù wọn, tí wọ́n dúró kí fọ́kànáísà bá wọn lẹ táyà. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ń lọ. Mo bi wọ́n pé ta ni ó júwe ọ̀nà fún wọn, wọ́n sì dáhùn pé àwọn tí ó ti rìn ín rí ni, tí wọ́n bá pàdé níbi àfihàn ọkọ̀ àti àgọ́ ní ìlú wọn. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ mí lógún, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó wà lókè òkun tí ó lè lọ síbi irú àfihàn bẹ́ẹ̀, tí wọn kò sì mọ̀ pé ó wà fún àwọn náà.

Ní Jámánì, ìlú Bad Kissingen ni wọ́n ti ń ṣe irú àfihàn yìí tí wọ́n ń pè ní Abenteuer & Allrad lọ́dọọdún, ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ní Amẹ́ríkà, Overland Expo ti ń wáyé láti ọdún 2009, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Flagstaff, ní ìpínlẹ̀ Arizona, sì máa ń bọ́ sí oṣù Karùn-ún. Jíìpù, alùpùpù, àgọ́ àti ààrò kékeré ni wọ́n ń pàtẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní i lọ́kàn láti wakọ̀ wálé lọ́jọ́ kan, bí Pẹ̀lúmi Nubi ti wa Peugeot kékeré láti London dé Èkó ní ọdún 2024, tàbí bí Kúnlé Adéyanjú ti gun alùpùpù wá láti London ní ọdún 2022, ènìyàn ni kí ó wá lọ síbẹ̀.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ sùn síbẹ̀. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì tí ó ní ààyè ìpàgọ́ nínú, kódà bí ó bá jẹ́ pé ẹ yá àgọ́ ni. Lọ́sàn-án, ọjà ni ibẹ̀: èrò ń rọ́, ẹni tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ sì ń wá ohun tí yóò rà. Nígbà tí wọ́n bá pa ìsọ̀ dé, tí oòrùn sì rọ̀, àwọn arìnrìn-àjò á gbé àga síta, wọ́n á dáná oúnjẹ, wọn kò sì ní í kánjú mọ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ jáde lọ kí wọn. Ẹ dúró níbi tí ìbòòji àgọ́ wọn parí sí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ní kí ẹ wọlé, nítorí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ni ibẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní ògiri. Ẹ má fọwọ́ kan ọkọ̀ wọn, ẹ má sì yà á ní fọ́tò láìgbàṣẹ.

Ìbéèrè tí ẹ bá kọ́kọ́ bi wọ́n ni yóò sọ bí ìjókòó náà yóò ti pẹ́ tó. Ẹni tí ó béèrè iye tí wọ́n ra ọkọ̀ yóò gbọ́ iye náà, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ẹni tí ó ti gba Mauritania wọ Senegal bóyá ibodè Rosso ni ó gbà tàbí ti Diama, yóò fa àga fún yín. Àwọn tí ń wá owó lọ́wọ́ àlejò pọ̀ ní Rosso. Diama, tí ó gba orí ìsédò (dam) kọjá, rọrùn jù ú lọ, àmọ́ ẹrẹ̀ lè dí ọ̀nà rẹ̀ lásìkò òjò. Ẹni tí ó ti jìyà irú ibẹ̀ rí máa ń fẹ́ rò ó.

Ẹ má ṣe lọ lọ́wọ́ òfo. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lọ sí Cape Town ni ó ń fẹ́ sáré la Nàìjíríà já, nítorí náà, ìmọ̀ ilé ni ẹ̀bùn tí ó tóbi jù tí ẹ lè fún wọn. Ẹ sọ fún wọn pé bí wọ́n bá yà ní Ìjẹ̀bú-Òde, Òkè-Erí kò jìnnà, níbi tí a gbà pé ibojì Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin ọlọ́lá inú ìtàn Ìjẹ̀bú, wà, àti pé Erédò rẹ̀, yàrà àti ògiri amọ̀ àwọn baba wa, gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, tí ó sì ga tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀ yàrà ní àwọn ibì kan. Bí òfin ibodè ibẹ̀ bá gbà, ẹ mú gààrí Ìjẹ̀bú díẹ̀ dání. Kò fẹ́ iná, omi tútù àti ẹ̀pà ni ó ń fẹ́, kíkan rẹ̀ á sì fa ìbéèrè lẹ́nu wọn.

Kí ẹ tó sùn, ẹ kọ orúkọ, nọ́ḿbà àti ohun tí ẹ ṣèlérí sílẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ ó fi ohun kan ránṣẹ́, kí ó dé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ẹni tí ẹ bá fẹ́ bá rin ìrìn pípẹ́, ẹ kọ́kọ́ bá a sun àgọ́ fún alẹ́ méjì nítòsí ná, kí ẹ lè rí bí ó ṣe ń náwó àti bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá dá lọ, pàápàá obìnrin, kí ó jẹ́ kí ará ilé mọ ibi tí àgọ́ rẹ̀ wà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ojú ọ̀nà wa ni wọ́n ń gbà kọjá. Nọ́ḿbà fọ́kànáísà ọjọ́ náà ni mo fún tọkọtaya yẹn nígbà tí wọ́n ń lọ. Láti ìgbà náà, arìnrìn-àjò méjì mìíràn ti pè é.