Bí mo ṣe padà sórí kẹ̀kẹ́ ní Àbújá lẹ́yìn tí eegun èjìká mi ṣẹ́

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ mọ̀ ni pé ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ tí eegun jinná, ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ tí apá tó gbé lọ sójú títì. Dókítà lè wo àwòrán kó ní eegun ti so, òótọ́ ló sì ń sọ. Ṣùgbọ́n àwòrán kò mọ ọ̀nà Lugbe. Kò mọ yanrìn tó máa ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kò mọ takisí tó máa ń dúró lójijì nítorí pé èrò kan na ọwọ́. Ní Àbújá, ọwọ́ méjèèjì lèèyàn fi ń gun kẹ̀kẹ́: ọ̀kan fún bíréèkì iwájú, ọ̀kan fún tẹ̀yìn, méjèèjì láti fa kẹ̀kẹ́ sókè nígbà tí ihò bá yọ, òsì láti fi han àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé mo fẹ́ yà. Ó gbà mí ní oṣù mélòó kan kí n tó lè ṣe gbogbo rẹ̀ padà. Bí mo ṣe ṣe é nìyí.

Ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ni mo ṣubú sí, lójú ọ̀nà kékeré tó bá títì ńlá rìn, bí mo ṣe ń ti Lugbe lọ síbi iṣẹ́ ní Wuse láàárọ̀. Mọ́tò akérò kan já síwájú mi láìtanná, ó sì dúró gbagidi. Mo yà fún un. Táyà iwájú wọ ihò gọ́tà tí àwọn tó ń ta àlòkù irin ti jí ìdérí rẹ̀ gbé lọ. Kẹ̀kẹ́ dúró, èmi ò dúró. Èjìká òsì ni mo fi balẹ̀, mo sì gbọ́ ọ nígbà tó dún.

Eegun tí mò ń sọ ni èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú lókè àyà, láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun títí dé góńgó èjìká. Bí èèyàn bá fi èjìká balẹ̀, òun ló ń gba ìwúwo ara, àárín rẹ̀ ló sì sábà máa ń ṣẹ́. Ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke omi ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. "Sannu, Ọ̀gá, sannu." Ó tú aṣọ tó wé mọ́rí, ó fi gbé apá mi kọ́ ọrùn, ó sì so ó lẹ́yìn. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ gan-an ló ṣe. Apá tó bá ń ré sísàlẹ̀ máa ń fa eegun tó ṣẹ́. Tí wọ́n bá ti gbé e ró, ìrora á rọlẹ̀ díẹ̀. Kí Ọlọ́run bá mi san án fún un. Ẹni tí kò bá rí irú rẹ̀, 122 ni nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ní ilé ìwòsàn, àwòrán fi hàn pé àárín ló ti ṣẹ́, ẹnu méjèèjì sì ṣì fara kanra. Dókítà ní kò sí iṣẹ́ abẹ. Ó ṣàlàyé pé àwọn máa ń ronú irin pẹlẹbẹ àti síkúrúù tí eegun bá gún awọ jáde, tàbí tó ń ti awọ débi pé ó fẹ́ ya, tí ó bá kan iṣan ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ẹnu méjèèjì bá gun ara wọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Tèmi kò sí nínú wọn. Aṣọ tí wọ́n fi ń gbé apá kọ́rùn ni, oògùn ìrora, àti sùúrù. Fún àgbàlagbà, eegun náà máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kó tó so dáadáa.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, fóònù ti dé láti Ìlọrin. Àbúrò bàbá mi ní kí n máa bọ̀, pé atoegun kan wà tó máa tò ó. Níbí náà, ará ilé kejì ti ń dárúkọ maɗori kan, atoegun àwọn Hausa, ní Zuba. Àwọn atoegun ti ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn lóore, mi ò ní bú iṣẹ́ tí àwọn bàbá wa fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ eegun yìí gan-an ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó lọ sí apá gbà kọjá, òun àti àwọn iṣan tó ń jẹ́ kí ìka mọ nǹkan lára. Mi ò lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láìrí àwòrán. "Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi àdúà tì í," ohun tí mo sọ nìyẹn. Wọ́n gbà.

Oorun ló le jù. Mi ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ pẹrẹsẹ, mi ò lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ìyàwó mi to ìrọ̀rí sẹ́yìn mi, ó fi ọ̀kan sábẹ́ ìgúnpá òsì, ìjókòó ni mo fi ń sùn. Àsìkò ọyẹ́ ni, eruku gba gbogbo ilé, gbogbo ìgbà tí mo bá húkọ́ tàbí tí mo bá sín ni eegun náà ń dáhùn. A ń wọ́n omi sílẹ̀ yàrá lálaalẹ́, a sì ń fi aṣọ tútù bo ojú fèrèsé. Ìyẹn ràn mí lọ́wọ́ ju oògùn ikọ́ lọ.

Ní ti aṣọ, ẹ gbàgbé èyí tí wọ́n ń ti orí wọ̀. Ẹ̀wù tó ní bọ́tìnnì níwájú ni kí ẹ wá. Apá tó ń dùn ni kó kọ́kọ́ wọ ọwọ́ ẹ̀wù. Tí ẹ bá fẹ́ bọ́ ọ, apá tó yá ni kó kọ́kọ́ jáde. Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́ mi, ó sì gbà mí lọ́wọ́ ẹkún àràárọ̀. Nínú mọ́tò, iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ni mò ń jókòó, torí èjìká ọ̀tún ni bẹ́líìtì ń gbà kọjá níbẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ ọ̀tún, ẹ̀yìn awakọ̀ ni kó jókòó sí.

Àlùwàlá ọlọ́wọ́ kan ṣeé ṣe tí ẹnì kan bá ń báni da búútà. Orí àga ni mo ti ń kírun, mo kàn ń tẹ̀ ba níbi ìforíkanlẹ̀. Èyí tó dùn mí ni ìdọ̀bálẹ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa wá kí mi, orí nìkan ni mo lè tẹ̀ fún wọn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn di èjìká mi ọ̀tún mú. "Má dìde, ọmọ mi. Ọlọ́run á fún apá náà lókun." Mo ṣàmín, ojú sì tì mí síbẹ̀, torí èèyàn tó tó bàbá mi kò yẹ kó bá mi lórí ìjókòó.

Aṣọ ìgbápá yẹn kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni físíò, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tún ara ṣe, ti ní kí n máa yọ apá jáde nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, kí n na ìgúnpá, kí n ká a, kí n di ẹ̀ṣẹ́, kí n tú u, torí ìgúnpá tí wọ́n bá dè pa fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ máa ń gan. Nígbà tó yá, ó fi èyí kún un: kí n bẹ̀rẹ̀, kí n fi ọwọ́ ọ̀tún di tábìlì mú, kí n jẹ́ kí apá òsì rọ̀ dirodiro, kó máa fì síwá sẹ́yìn, kó sì máa yí po. Kò gbà kí n gbé apá kọjá èjìká títí tí wọ́n fi tún ya àwòrán mìíràn. Kò gbà kí n gbé korobá. Tí ìka bá kú, tàbí tí ọwọ́ bá ń tutù tó sì ń pàwọ̀ dà, ó ní kí n má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi, kí n padà sí ilé ìwòsàn kíá.

Ẹsẹ̀ màlúù kún fíríjì wa nígbà náà, torí gbogbo ẹni tó ń bọ̀ ló gbà pé eegun ló ń to eegun. Mo jẹ ẹ́, ó dùn. Ẹyin, ẹ̀wà, ẹja àti nónò ni mo gbára lé. Ẹni tó bá ń mu sìgá, kó fi sílẹ̀, torí ó máa ń fa ìsopọ̀ eegun sẹ́yìn.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń gun kẹ̀kẹ́ ń fi ìtàn Tyler Hamilton ránṣẹ́ sí mi, ẹni tí eegun èjìká rẹ̀ sán ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France ọdún 2003, tó sì gùn ún parí, tó ṣe ipò kẹrin. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ìtàn yẹn kò wúlò fún wa. Wọ́n ti lé mọ́tò kúrò lójú títì tí wọ́n gùn, dókítà sì ń tẹ̀ lé wọn. Èyí tí mo fẹ́ràn ni ti Mark Cavendish. Eegun èjìká rẹ̀ ṣẹ́ nínú Tour ọdún 2023, ó kúrò nínú ìdíje, ó lọ tọ́jú ara rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2024 ló gba ìpele rẹ̀ 35, ìyẹn eré ọjọ́ kan nínú ìdíje náà, ó kọjá 34 tí Eddy Merckx, agunkẹ̀kẹ́ àtijọ́ ará Bẹ́ljíọ̀mù, ti gbà. Nǹkan bí ọdún kan ló wà láàárín.

Nígbà tí dókítà gbà, mo gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ irin ìdúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń wa ẹsẹ̀ níbẹ̀ ní kùtùkùtù pẹ̀lú apá nínú aṣọ rẹ̀. Àsìkò yẹn náà ni mo tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Akoto ni mo kọ́kọ́ sọ nù. Fóòmù inú rẹ̀ máa ń run pọ̀ tó bá ti gba ìkọlù, kò sì ní gba èkejì, bí òde rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Mo fi ọ̀bẹ là á kí ẹlòmíràn má baà ṣà á lò.

Ẹ wo bíréèkì yín dáadáa. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó ti Ìlú Ọba wá, ọwọ́ ọ̀tún ló ń mú táyà iwájú. Èyí tó ti Amẹ́ríkà tàbí Jámánì wá sábà máa ń jẹ́ ọwọ́ òsì. Ti Ìlú Ọba ni tèmi, nítorí náà apá tó le ló ni iwájú. Ìyẹn nìkan kò tó. Ẹni tó bá fún bíréèkì iwájú pa, ara rẹ̀ á rọ́ síwájú, apá tí kò tíì le ló sì máa gbà á dúró. Mo gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀ kí ìwúwo lè kúrò léjìká, mo yọ táyà mílímítà 25, mo fi 32 sí i, mo sì dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí wà lára ohun tó ń ni wá lára jù. Ẹnu túùbù kẹ̀kẹ́ eré ìje tẹ́ẹ́rẹ́, Presta ni. Ti mọ́tò àti ọ̀kadà nípọn, Schrader ni. Ohun tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ fọkanáísà ẹ̀bá ọ̀nà kò wọ Presta, ó sì lè tẹ̀ ẹ́ títí ẹnu rẹ̀ á fi kán. Bàbà kékeré kan wà tí wọ́n ń yí mọ́ ọn lórí tó ń sọ ọ́ di ti mọ́tò. Ọ̀kan wà nínú àpò mi, ọ̀kan wà lára kọ́kọ́rọ́ ilé. Ẹ bẹ fọkanáísà kó fún un díẹ̀díẹ̀, torí ẹ̀rọ rẹ̀ lágbára, túùbù tẹ́ẹ́rẹ́ lè bẹ́ kó tó yọwọ́.

Lọ́jọ́ tí dókítà ní eegun ti so, mi ò gbé kẹ̀kẹ́ jáde. Ìforíkanlẹ̀ ni mo fi dán apá wò. Ìgbà tí mo lè fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kalẹ̀, tí mo fi iwájú orí kanlẹ̀, tí mo sì ti ara mi dìde láìgbé ìwúwo fún ọ̀tún nìkan, ìgbà náà ni mo gbà pé ó lè gbé mi lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, mo na apá òsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó dọ́gba pẹ̀lú èjìká, mo dá a dúró bí ẹni tó fẹ́ yà. Mo bojú wẹ̀yìn láti òsì, ibi tí mọ́tò ti ń bọ̀, láìjẹ́ kí kẹ̀kẹ́ yẹ̀. Mo fa táyà iwájú gun ìloro ilé. Èyí tó pẹ́ jù ni kí n fún bíréèkì méjèèjì pa lójijì láìronú, torí ara máa ń rántí ìrora kódà nígbà tí ìrora ti lọ. Ẹ̀bá adágún Jabi ni mo ti ṣe é, láàárọ̀ Sátidé kí èrò tó dé, títí ọwọ́ òsì fi gbàgbé láti bẹ̀rù.

Ojú títì kò yí padà ní tiẹ̀. Wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú láti ọdún 2006, lójú tèmi, ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó wà láàárín ìlú kò wá ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì nínú jígí wọn mọ́. Wọ́n á fun fèrè lẹ́bàá etí yín lẹ́yìn tí wọ́n ti rí yín. Wọ́n á kọjá yín tán, wọ́n á tún yà síwájú yín láti gbé èrò. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mi ò lẹ̀ mọ́ etí gọ́tà mọ́. Mo ń fi ìwọ̀n apá kan sílẹ̀ láàárín èmi àti etí títì, kí n lè ní ibi tí mo máa yà sí tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ó ń bí àwọn kan nínú. Kí inú máa bí wọn. Ní ibi tí mo bá sì dé, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á ní kẹ̀kẹ́ ò gbọdọ̀ wọlé, nígbà tí àyè mọ́tò ogún wà nínú ọgbà. Ẹlòmíràn á fi ìyọ́nú béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mọ́tò yín bàjẹ́ ni?" Mo máa ń dá a lóhùn pé rárá, kẹ̀kẹ́ ni mo yàn.

Mo ti ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́ báyìí, kì í ṣe lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ni mo máa ń jáde kí ọ̀nà Lugbe tó dí. Kókó kan wà lórí eegun náà níbi tó ti so. Dókítà ní ó lè rọ̀ bó ṣe ń pẹ́, ó sì lè dúró. Òkè Mpape nìkan ni mi ò tíì gùn, torí ó ń fẹ́ kí èèyàn dìde lórí pẹ́dà kó fi apá méjèèjì fa ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Físíò ní ká wò ó lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti ra okùn rọ́bà tó ní kí n máa fà láti fi múra sílẹ̀ fún un, mo sì ń fà á láràárọ̀.