Bí a ṣe ń kọ àpèjúwe irinṣẹ́ fún éjẹ́ǹtì AI

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ẹ sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ fún éjẹ́ǹtì AI, òun náà á sọ ọ́ di odindi, àmọ́ odindi tó fúnra rẹ̀ hun ni.

Éjẹ́ǹtì tí mò ń wí ni AI bíi Claude tàbí ChatGPT tí a fún ní irinṣẹ́ tó lè fi ṣiṣẹ́: ọ̀kan ń wo ọjà tó kù, òmíràn ń fi ìwé owó (ínfọ́ìsì) ránṣẹ́ sí oníbàárà. Kódù, ìyẹn àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà, ni irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n AI kì í rí kódù náà. Ohun tó ń rí ni orúkọ irinṣẹ́, àpèjúwe rẹ̀, àti àwọn nǹkan tí irinṣẹ́ ń béèrè kó tó ṣiṣẹ́. Ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ nìkan ló fi ń mọ èyí tí yóò mú. Bí ẹ bá ń lo MCP, ìlànà fún síso AI mọ́ irinṣẹ́ tí Anthropic, ilé-iṣẹ́ tó ṣe Claude, gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, bákan náà ló rí.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ. Nínú orúkọ irinṣẹ́, lẹ́tà a sí z, nọ́ńbà, ìlà ìsàlẹ̀ (_) àti ìlà àárín (-) ni wọ́n sábà máa ń gbà. Kò sáyè àmì ohùn. Bí ẹ bá wá pe irinṣẹ́ ní «wo_oja», ọjà ni àbí ọ̀já? Níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ tí ìyá fi ń pọn ọmọ, ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ pè é ní «wo_iye_aso_to_ku», kí ẹ sì fi àmì sórí ọ̀rọ̀ yín nínú àpèjúwe.

Àpèjúwe ló kàn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ohun tí mo sábà máa ń rí ni «Ó ń wo aṣọ.» Ó tán. Ìmọ̀ràn Anthropic ni pé kí àpèjúwe má dín ní gbólóhùn mẹ́ta sí mẹ́rin, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Ẹ wo èyí:

«Ó ń sọ iye aṣọ tó kù fún irú aṣọ kan. Lò ó nígbà tí oníbàárà bá béèrè bóyá aṣọ wà, tàbí kí o tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Má lò ó láti mọ iye tí à ń tà á; wo_owo_aso ló ń ṣe ìyẹn. Nọ́ńbà kan ló ń dá padà, ọ̀pá ni, kì í ṣe píìsì. Bí ó bá dá 0 padà, aṣọ ti tán. Bí ó bá ní "a ò rí i", nọ́ńbà ìdánimọ̀ aṣọ ni kò tọ̀nà. Má sọ fún oníbàárà pé aṣọ ti tán.»

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá àti píìsì yẹn kì í ṣe àṣejù. Odindi píìsì ankara jẹ́ ọ̀pá 12, ààbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6. Bí irinṣẹ́ bá dá 12 padà láìsọ 12 kí ni, AI lè ṣèlérí píìsì méjìlá fún ẹni tó ń ra aṣọ ẹbí, nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ kan ló kù.

Ẹ ṣàlàyé ohun tí irinṣẹ́ ń béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó ló máa ń dà mí láàmú jù. Kọ́bọ̀ ni Paystack, ilé-iṣẹ́ tó ń báni gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń gbà, kì í ṣe náírà: 500000 lẹ máa kọ fún ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Bí àpèjúwe ò bá sọ bẹ́ẹ̀, AI á kọ 5000, oníbàárà á sì rí ìwé owó tó ní kó san 50 náírà. Yóò sì tètè san án! Ọjọ́ náà ńkọ́? 03/04/2025 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin lọ́dọ̀ wa, àwọn ará Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Ẹ ní kó kọ 2025-04-03. Fóònù: 080 ni, àbí +234? Níbi tí ohun tí ẹ lè gbà bá mọ níwọ̀n, ẹ to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ (ankara, adire, aso_oke) kí ó má baà hùmọ̀ tirẹ̀.

Bí irinṣẹ́ méjì bá jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ iṣẹ́ tuntun kò ní mọ èyí tí yóò mú, ẹ pa wọ́n pọ̀.

Irinṣẹ́ tó ń dá owó padà tàbí tó ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ó gba àṣẹ kó tó lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má fi àpèjúwe nìkan ṣe àgádágodo. Nínú kódù ni kí ẹ ti ti ilẹ̀kùn náà.

Èsì àṣìṣe náà jẹ́ àpèjúwe. «Error 400» kò kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́kọ̀ọ́. «Nọ́ńbà fóònù gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234» ni AI máa kà, tí yóò sì tún un ṣe fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò. Ẹ kọ ogún ìbéèrè bí oníbàárà ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an: «Aláwọ̀ búlúù àná yẹn ńkọ́?» «Ẹ ò lè gbà á ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin?» Ẹ fi èyí tí kò nílò irinṣẹ́ kankan kún un, bíi «Ẹ kú ọjà o.» Ẹ wo irinṣẹ́ tó mú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ohun tó kọ síbẹ̀. Níbi tó bá ti ṣìnà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà, kí ẹ sì tún ogún náà bi í láti ìbẹ̀rẹ̀, torí gbólóhùn tó tún ìbéèrè kẹta ṣe lè ba ìkẹsàn-án jẹ́.