Bí ẹ ṣe máa jókòó nísọ̀ ẹlẹ́mu nílùú Oǹdó

Ẹ má lọ lálẹ́. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún àwọn àlejò mi láti Èkó nìyẹn, torí ilé bíà ti kọ́ wọn pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni fàájì ń bẹ̀rẹ̀. Nísọ̀ ẹlẹ́mu, kíkan ló kù lásìkò yẹn. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni adẹ́mu máa ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Ẹmu ti ń hó kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ṣúgà inú rẹ̀ á máa di ọtí bó ṣe ń bọ̀ lórí ọ̀kadà. Ẹni tó fẹ́ èyí tó dùn, kó tètè dé láàárọ̀. Ẹni tó fẹ́ kó ta díẹ̀, kó dúró di ìrọ̀lẹ́. Ti ìrọ̀lẹ́ lèmi fẹ́ràn.

Ìsọ̀ tó ti pẹ́ kì í sábà ní pátákó. Ẹ bi káfíńtà tó ti ń hewú. Bí ẹ bá rí àtíbàbà tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò, bẹ́ńṣì tí ìdí èèyàn ti mú dán, àti ọpọ́n ayò láàárín, ẹ ti débẹ̀.

Ẹ kí gbogbo èèyàn kí ẹ tó jókòó. Àwọn bàbá tó wà nídìí ayò, ẹ ní "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ̀ o." Wọ́n á dáhùn pé ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ̀ ò gbọdọ̀ fọhùn, wọ́n á sì sún fún yín. Obìnrin ni mí, àwọn kan máa ń rò pé ọkọ mi ni mo wá pè. Mo kàn máa ń bi wọ́n pé ta ni ìtàn ìlú wa sọ pé ó kọ́kọ́ jẹ Ọṣémàwé, ọba Oǹdó. Púpùpú ni, obìnrin sì ni.

Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́mu kọ́kọ́ tọ́ ẹmu náà wò. Àṣà ni, kò mú ìfura dání. Tí ẹ̀sìn yín bá gbà á, ẹ ta díẹ̀ sílẹ̀ fún Ògún. Ìlú tó ń ṣọdún Ògún lẹ wà. Igbá ni kí ẹ béèrè. Kọ́ọ̀pù oníke máa ń gbé òórùn ọṣẹ wá sínú ẹmu, n ò lè gbà á láéláé. Bí kòkòrò bá léfòó, ẹ fẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ máa mu. Ohun dídùn lòun náà ń wá. Àmọ́ ẹmu tó ṣì ń dùn bíi ṣúgà lálẹ́, wọ́n ti po nǹkan mọ́ ọn. Ẹ má sì da kẹ́ẹ̀gì kodò, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà nísàlẹ̀.

Àsun wá ńkọ́? Tiwa ni, bí ibòmíì bá tiẹ̀ ń tà á. Ewúrẹ́ ni. Ẹ wò ó bóyá awọ ṣì wà lára rẹ̀, torí iná igi ni wọ́n fi ń jó irun rẹ̀, tí wọ́n fi ń sun ún kí èéfín lè wọ̀ ọ́ lára, kí wọ́n tó gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n fi ata rodo àti àlùbọ́sà yí i. Èyí tí wọ́n sọ sínú òróró gbígbóná, ẹran díndín ni, ohun yòówù kí wọ́n máa pè é. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọ̀bẹ, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi etí mọ́ ọn. Àwọn àlejò kì í rántí béèrè etí.